Láti Òyìngbò Dé Àgbàdo: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ojú Yín Rí Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Owó ilé ní àárín ìlú Èkó ti di ẹrù tí ó ń tẹ ọrùn ẹlẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Muṣin àti ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ni wọ́n ń bá ara wọn sọ ọ́ lálaalẹ́ pé ó tó àkókò kí àwọn lọ ra ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ogún ọdún kó jọ lè bọ́ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ bá mi gun reluwé láti Òyìngbò dé Àgbàdo, kí a jọ wo ohun tí ó yẹ kí ojú rí kí ọwọ́ tó wọ àpò.

Kì í ṣe òní ni ará Èkó ti ń kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Lẹ́yìn tí àrùn láti ara eku wọ Èkó ní 1924, ìjọba òyìnbó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ẹgbẹ́ yìí náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, tí ó sì ń kó ọ̀pọ̀ àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára lójú, títì rẹ̀ fẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí wọ́n ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ni kò rí oníbàárà mọ́. Àwọn ọmọ ìyá tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan túká, ọ̀kan sí ìhín, ọ̀kan sí ọ̀hún, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè ọjà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ògiri àti páànù nìkan kọ́ ni à ń pè ní ilé. Ọjà ìyàwó, ẹbí, omi, mọ́sálásí àti ọ̀nà tí a ó máa gbà lọ síbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ wàyí. Reluwé àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ojú ọ̀nà yìí ni ó gbà. Òun ni ó sọ Agége di ìlú ńlá, nítorí oko kòkó àti oko obì wà níbẹ̀, àwọn Hausa sì ń wá ra obì, wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí, wọ́n sì ń bá wa gbé. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ó gbèrò reluwé tí yóò máa kó èrò láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ní oṣù kẹfà 2021 ni reluwé tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, wọ́n sì fi orúkọ Jakande sọ tésàn rẹ̀ ní Àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni ti Èkó fúnra rẹ̀ dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Tésàn mẹ́jọ ni ó ní: Òyìngbò, Yábàá, Muṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége, Ìjù àti Àgbàdo. Káàdì Cowry tí a fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT náà ni a fi ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà ní Òyìngbò tàbí ní Ìdúmọ̀tà, ẹ ti rí i pé ọ̀nà yìí lè ṣe yín láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu alágbàtà wọn ọ̀nà. Ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń fẹ́ láti mú ènìyàn lọ wo ilẹ̀, nítorí títì a dá ní ọjọ́ náà. Kí ẹ̀yin lọ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ kí ìrun àsùbáà tán, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún yín gan-an, kí ẹ wo wákàtí tí ẹ jáde, kí ẹ ka owó ọ̀kadà, kí ẹ wo wákàtí tí ọkọ̀ dé àti bí èrò ti pọ̀ tó. Kí ẹ sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí tésàn” ní ẹnu alágbàtà lè di wákàtí kan ní ẹsẹ̀ ìyá tí ó pọn ọmọ.

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbàdo, ohun àkọ́kọ́ tí a ó bèèrè ni pé, ìpínlẹ̀ wo ni a wà? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni Èkó àti Ògùn ti pàdé, ẹnì kan sì lè jẹun ní Èkó kí ó lọ sùn ní Ògùn. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhà Èkó, Aláúsá ni a ó ti yẹ ìwé rẹ̀ wò. Bí ó bá wà ní ìhà Ògùn, Abẹ́òkúta ni. Ẹni tí ó gbé ìwé Ògùn lọ sí Aláúsá, òfo ni yóò bá bọ̀. Owó orí ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé náà yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì.

Ohun kejì ni omi, oríṣi méjì sì ni: omi tí à ń wá àti omi tí ń wá wa. Ìjù tí a kọjá yẹn, níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tí ń fa omi fún Èkó wà láti ayé òyìnbó. Síbẹ̀, kànga àti ihò omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ lọ sí ilé mẹ́ta tí ó sún mọ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ tọrọ omi mu. Ẹ ó mọ̀ bí ó bá ní àwọ̀ tàbí ìtọ́wò, ẹ ó sì mọ irú aládùúgbò tí ẹ fẹ́ ní. Ní ti omi tí ń wá wa, ẹ má ra ilẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún láìpadà lọ wò ó ní oṣù keje tàbí ìkẹwàá. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé àtijọ́. Bí ẹ bá rí ìlà àbàwọ́n kan tí ó lọ gbọọrọ ní ìwọ̀n orúnkún, omi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé síbẹ̀.

Ohun kẹta ni àwọn tí a ó bá gbé. Àwọn Lárúbáwá a máa wí pé kí a wá aládùúgbò kí a tó wá ilé. Ẹ dúró kí àkókò ìrun bá yín níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ìpè ìrun bá dé orí ilẹ̀ náà. Ẹ wọ mọ́sálásí lọ kí ẹ wo bí ó bá ní àyè fún obìnrin, àti ibi àlùwàlá tí ó pamọ́. Ẹ bèèrè ilé kéú àwọn ọmọ, àti ìwọ̀n ìrìn rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwé. Ẹ bèèrè ibi ìsìnkú Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ikú kò dùn lẹ́nu ẹni tí ń ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀, kò sì yẹ kí àwọn ọmọ máa ti àdúgbò kan sá dé òmíràn pẹ̀lú pósí. Bí aládùúgbò kò bá sì jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀tọ́ aládùúgbò sì wà lórí wa síbẹ̀. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo wa ní òru kì í ṣe ẹbí tí ó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Bí ọkàn bá ti balẹ̀ lórí ìwọ̀nyí, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìwé tó kàn. Ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ìdílé ni. Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ni ó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé London, ilé ẹjọ́ ọba òyìnbó sì dá a láre ní 1921, pé àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ni ilẹ̀, àwọn sì ni ó yẹ kí ìjọba sanwó rẹ̀ fún. Òfin ilẹ̀ ti 1978 wá fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí náà, apá méjì ni ẹni tí ń ra ilẹ̀ ní láti wò. Ní apá ìdílé, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ni kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó fẹ́ fi owó gbé ìyàwó kò ní àṣẹ láti tà á. Ní apá ìjọba, kí ẹ gba àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀fíyọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, kí wọ́n wò ó bí ìjọba kò bá tíì gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Bí wọ́n bá ní ìjọba ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ìdílé, kí wọ́n fi ìwé gàsẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú rẹ̀ hàn yín. Bí ilẹ̀ bá ti ní C of O, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí títà rẹ̀ tó múlẹ̀. Gbogbo èyí, lọ́yà tiyín ni kí ó bá yín ṣe é, kì í ṣe lọ́yà ẹni tí ń tà.

Ìjọba Èkó àti ti Ògùn ṣe òfin ní 2016 tí ó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ ìwé wò ṣáájú kì í sábà nílò ọlọ́pàá lẹ́yìn. Nínú Súrátù Bákárà, ní áyà 282, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń tà tí a ń rà. Kò yọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀, kò sì yọ àfáà sílẹ̀. Ẹ san owó gba báńkì, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹlẹ́rìí yín sì wà níbẹ̀.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ń bèèrè bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn ju èlé lọ. Ó wà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í gba èlé wà ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí. Láti 2012 ni Jaiz Bank ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí èlé ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Irú báńkì bẹ́ẹ̀ lè ra ohun náà, kí ó tún un tà fún oníbàárà ní iye tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé, kí oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ka àdéhùn rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Mo wá fẹ́ kí bàbá àti ìyá jọ ka apá yìí, nítorí òun ni ó ń mú ẹkún wá sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí jù lọ. Ìyàwó a ta gẹ́lẹ̀ àti wúrà rẹ̀, a kó àjọ rẹ̀, a fi kún owó ilẹ̀, orúkọ ọkọ nìkan a sì wà lórí rìsíìtì. Nínú ẹ̀sìn wa, owó obìnrin, tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Kí a pín ilé kan sí ọ̀nà 48. Ìyàwó kan mú ìdá mẹ́ta kan wá, èyí ni 16. Ọkọ mú 32. Ọkọ ní ìyàwó méjì àti àwọn ọmọ, ó sì kú. Bí orúkọ àwọn méjèèjì bá wà nínú ìwé, 16 obìnrin náà kò bọ́ sínú ogún rárá. Nínú 32 ti ọkọ, ìdá mẹ́jọ kan tí ó jẹ́ ti àwọn opó jẹ́ 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 2. Obìnrin náà ní 18. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ọkọ nìkan bá wà níbẹ̀, tí kò sí ẹlẹ́rìí, gbogbo 48 ni a ó kà sí ogún. Ìdá mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 3. Ẹni tí ó mú 16 wá di ẹni tí ó gba 3!

Ẹ̀yin ọkọ, kò sí ìfẹ́ kankan tí yóò bàjẹ́ nítorí pé a kọ orúkọ méjì sórí ìwé kan. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá fẹ́ fi owó yín ta ọkọ lọ́rẹ, ẹ lẹ́tọ̀ọ́, ẹ̀san yín sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ọrẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtìjú gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ẹ sì fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han ọmọ kan tí ó ti gbọ́n.

Ànábì wa kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwọ̀n ọwọ́ kan péré. Ìkìlọ̀ náà kan ẹni tí ń tà, ó kan ẹni tí ń rà, ó sì kan ọkọ nínú yàrá rẹ̀. Bí alágbàtà bá wí fún yín pé ẹlòmíràn ti fẹ́ san owó ní ọ̀la, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà san án. Ilẹ̀ kò tán láàárín Agége àti Àgbàdo. Ọlọ́run yóò fún wa ní ilé tí ó láyè, aládùúgbò rere, àti oorun tí kò ní ẹjọ́ nínú. Àmín.