Owó Àjọ Ìyá Aláṣọ Wọ Inú Ẹ́ńjìnnì Chevrolet L'Áláúsá

Bí obìnrin bá sọ l'ọ́jà pé ọkọ òun ń fi owó mutí, gbogbo ọjà ni yóò bá a dárò. Bí ó bá ní obìnrin ìta ni ọkọ òun ń náwó fún, àwọn ìyá ọlọ́jà yóò tú gèlè fi gbàjá. Ṣùgbọ́n kí ó jáde kí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tí kò lè rìn ni orogún òun, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Ohun tí ojú ìyá aláṣọ kan l'ọ́jà Agége rí gan-an nìyẹn, fún ọdún mẹ́ta gbáko, nínú àgbàlá ilé wọn l'Áláúsá, níbi tí òórùn Bournvita ti máa ń fẹ́ wá láti ọ̀nà Àgídíngbí.

Chevrolet Impala ọdún 1964 ni ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n yóò rántí iná ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta l'ọ́tùn-ún, mẹ́ta l'ósì. Ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún lọ. Bí àgbàlá kò bá tóbi, imú rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìdí rẹ̀ á wà l'ójú títì. Bàbá ọkọ ló ni ín. Dírẹ́bà ni bàbá ọ̀hún láyé rẹ̀, ó wa ọkọ̀ fún oníṣòwò pákó kan títí ọ̀gá fi dàgbà, ọ̀gá náà ló sì fi ọkọ̀ yìí ta á lọ́rẹ.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà nígbà kan, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lé'lẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà sì rèé, apá òsì ni stíárìn rẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni dírẹ́bà rẹ̀ ń jókòó sí. Bí ó bá fẹ́ ya lọ́rì sílẹ̀, ẹni tó jókòó l'ápá ọ̀tún ni yóò bá a yọjú: "Ó dáa, ẹ máa bọ̀!" Nígbà tó wá di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ s'ọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn tó ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ráhùn, bàbá yìí ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú pé ìjọba yí gbogbo títì Nàìjíríà padà nítorí ọkọ̀ òun.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọkọ̀ jókòó. Koríko hù láàárín táyà, adìyẹ ń yé sí àga ẹ̀yìn. Àbúrò ọkọ ní kí wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ tà l'Ówódé Onírin, kí kálukú mú ìpín tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló parí ìjà. Ó ní kí wọ́n bi oníirin l'éèló ni yóò san, kí ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ fún àwọn yòókù ní ìpín wọn nínú iye náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá yẹn gbọ́n o. Mélòó ni ẹni tó ti fi òógùn rẹ̀ tún nǹkan bàbá ṣe, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá dán tán ni mọ̀lẹ́bí ń rántí pé ogún gbogbo ẹbí ni?

Panẹ́bítà ni ọkọ. L'ọ́sàn-án, Corolla àti Sienna àwọn oníbàárà ló ń lù l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ títì; alẹ́ àti ọjọ́ Àìkú ló fi ń ṣe ti bàbá rẹ̀ nílé. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni l'ẹ́nu pé irú rẹ̀ lè ṣe é. Bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn ìyá àgbà wọ̀ lọ s'ọ́jà, àwọn káfíńtà ló kan pákó mọ́ ẹ̀yìn Bedford. Mọ̀lúẹ̀, àwọn wẹ́dà Èkó ló jó irin rẹ̀ pọ̀ sórí lọ́rì Mercedes 911. General Motors kan náà tó ni Chevrolet ló sì ni Bedford nígbà náà.

Spánà ni wàhálà àkọ́kọ́. Toyota, Nissan, Peugeot, mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn nọ́ọ̀tì wọn. Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, íǹṣì ni. Bí ènìyàn bá ki spánà 13 bọ nọ́ọ̀tì ààbọ̀ íǹṣì, yóò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fi agbára yí i, spánà á yọ̀, orí nọ́ọ̀tì á di róbótó. Mẹ́rin ló bàjẹ́ báyẹn kí bàbá tọ́nà kan l'ádùúgbò tó gbé àpò spánà oní-íǹṣì rẹ̀ wá. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti Ọ̀gbà dé Agége. Inú àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Dunlop tó ń rọ táyà níbẹ̀ ti dáwọ́ dúró kí ọdún 2010 tó dé, ọ̀pọ̀ mìíràn ti kógbá wọlé, gbọ̀ngàn ẹlòmíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ lọ, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kù s'ílé.

Bàbá yìí ló gba búréèkì là. Sílíńdà ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti dípẹtà, kò sì sí irú rẹ̀ ní Ládípọ̀. Bàbá gbẹ́ ojú ihò rẹ̀, ó tẹ páìpù idẹ bọ̀ ọ́ nínú títí rọ́bà Toyota fi bá a mu rẹ́gí. Ó tún rí ohun kan tí ara rẹ̀ kọ̀: ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo búréèkì ń gbà nínú ọkọ̀ yìí. Bí páìpù kan bá bẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní mú mọ́. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i kí ènìyàn gbé e jáde bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n wá olójú-ọ̀nà-méjì láti ara ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn fi sí i.

Ara ọkọ̀ ńkọ́? Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Ọkọ gé ibi tó kú kúrò, ó jó páànù tuntun mọ́ ọn, kò fi fílà bo àṣírí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí o: ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré dání, ẹ fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, fílà ló wà níbẹ̀. Táǹkì epo náà jò. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé iná sún mọ́ ọn nígbà tí ọ̀gá fi igbe ta. Táǹkì tó ti gbẹ láti ọdún pípẹ́ ṣì lè ní èéfín bẹntiróò nínú, ó sì lè bú gbàmù. Wọ́n fọ̀ ọ́ l'áfọ̀túnfọ̀, wọ́n rọ omi kún un, kí wọ́n tó fi iná kàn án.

Ẹ́ńjìnnì ló wá dá ìjà s'ílé. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ó ní púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, kò sì sí èyí tó ń jó ṣáájú ìgbà tirẹ̀: 1, 8, 4, 3, 6, 5, 7, 2. Ríwáyà tó kọ́kọ́ dé kò mọ̀, ó to wáyà bó ṣe wù ú, ni kabúrétọ̀ bá ń yọ iná l'ẹ́nu bí eégún aláré. Ọmọ iṣẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà s'ára ògiri. (Aládùúgbò kan ti mú márùn-ún àkọ́kọ́ lọ ta Bàbá Ìjẹ̀bú. Kò jẹ.) Gásíkẹ́ẹ̀tì, kabúrétọ̀ àti kọ́bà wáyà kò sí n'Ékòó, àfi kí àbúrò ìyàwó tó wà ní Houston rà wọ́n ránṣẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní ohun tí kò tó 500 náírà fò kọjá 700. Nígbà tó di 2024, ó ti kọjá 1,500.

L'álẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rọra jókòó ti ìyàwó.

"Ìyá ọmọ mi, àjọ rẹ ti kàn ẹ́, àbí?"

"Ó ti kàn mí. Léèsì ni mo fẹ́ fi rà."

"Bí o bá lè yá mi..."

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun. Ẹ yá owó jẹnẹrétọ̀, ẹ ò tíì dá a padà. Ẹ yá owó iléèwé, ẹ ò tíì dá a padà. Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yìí ṣe gan-an?"

"Tó bá dún, wàá gbọ́ ohùn bàbá mi."

"Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá ò ṣeé sè l'ọ́bẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyàwó kò fi bá a sọ̀rọ̀. Yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀, yóò lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má pariwo, obìnrin náà jàre. Àwọn méjìlá ló ń dá àjọ náà l'óṣooṣù. Ẹni tó bá ti kó, dandan ni kó máa dá a títí yóò fi kárí. Bí owó bá wọ ẹ́ńjìnnì tí ọjà sì dákú, obìnrin mọ́kànlá ni yóò wá sí ojúlé wọn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wá mú àbá wá: kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì bàbá, kí wọ́n fi Toyota ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí i. Ní Kúbà, tí Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà ọjà mọ́ láti ọdún 1960 wọ̀nyẹn, ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú ọkọ̀ yìí nìyẹn. Epo náà sì ti gbówó lórí: kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, jálá kan kò tó 200 náírà l'Ékòó, ìparí 2024, ó ti wà l'ágbègbè 1,000. Ọkọ kò fẹ́, ṣùgbọ́n agbára ti tán l'ọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń bi wọ́n l'éèló ni Toyota.

Ìyàwó ló ní rárá.

Kò sí ohun tó yí i l'ọ́kàn ju ọjà lọ. Ó kó aṣọ ẹbí lọ fún oníbàárà níbi ìgbéyàwó kan n'Íkẹjà, ó rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n fi gbé ìyàwó wá, ó bi dírẹ́bà l'éèló ni wọ́n gbà. Iye náà ju èrè léèsì ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Dírẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò, àgbàlagbà kan sì ń bèèrè bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an ni. Ìyá aláṣọ dé'lé, ó tú owó àjọ kalẹ̀, ó sọ òfin rẹ̀: ìdajì l'òun yóò yá a, yóò wà nínú ìwé; ẹ́ńjìnnì bàbá ni kó dúró; ọjọ́ Sátidé nìkan ni ọkọ̀ yóò jáde; oníbàárà ni yóò ra epo; ọwọ́ òun sì ni owó yóò máa wọlé sí títí gbèsè yóò fi tán.

Ó dun ọkọ pé ọkọ̀ bàbá òun yóò máa ṣiṣẹ́ owó. Kí ló tún ń dùn ún níbẹ̀? Ṣebí dírẹ́bà ni bàbá náà.

Láti ìgbà yẹn, ìyàwó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Òun ló ní kí wọ́n fi aṣọ òkè àlàárì bo inú ilẹ̀kùn, òun ló ní kí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ àga ẹ̀yìn. L'ọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì dún tó dúró, ohùn rẹ̀ nípọn, ó tutù, ó ń mi ilẹ̀ àgbàlá. Bàbá tọ́nà ṣí fìlà. Ọkọ kọjú s'ógiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó dúró tì í, ó fọwọ́ kàn án l'ẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ owó l'ọ́jọ́ náà.

Ìgbéyàwó mẹ́rin ló ti wà nínú ìwé rẹ̀ báyìí. Gbèsè àjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ṣì wà l'ọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kíróòmù dán irin. Ọkọ ní kí àwọn lọ gbà á kí Sátidé tó dé, ìyàwó ní ó di ẹ̀yìn gbèsè.