Àpótí Ìwé Bàbá Mi

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ pákó, ayùn àti ìṣó ni. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí èmi kò rí kọ́ nínú kíláàsì, n kò sì fẹ́ kí ó mọ sọ́dọ̀ mi nìkan.

Bàbá mi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún 34 kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ohun ìní rẹ̀ kò pọ̀. Ìwé ni ó pọ̀. Inú àpótí tí a fi pákó arère kàn ni ó kó wọn sí, ó sì to àwọn àpótí náà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri yàrá rẹ̀. Nígbà kan tí mo wá sí ilé fún ìsinmi, ó ní kí n bá òun mú ìwé kékeré kan wá, èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìdílé wa sí, láti ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ. Mo ṣí àpótí náà. Àwọn ìwé òkè pé pérépéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wọn kúrò, erùpẹ̀ ni mo bá nísàlẹ̀. Ikán ti gba ìdí àpótí wọlé. Wọ́n ti jẹ ìtàn náà tán, ó ku èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá gba èèpo náà lọ́wọ́ mi, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó gbé e lé itan, kò sì sọ ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mí ju ẹkún lọ.

Mo rántí ohun tí a kà nípa Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí láti tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láìfi ojú kàn án ní títẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tí ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ni ìwé náà fi jáde ní 1921. Mo wí nínú ọkàn mi pé, bàbá mi ṣì wà láàyè; ó lè tún ìtàn náà sọ, èmi yóò sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó gbé e sí tí ikán kò ní tún jẹ ẹ́? Báyìí ni mo pinnu láti kan àpótí ìwé ńlá, èyí tí yóò gba ìdajì ògiri yàrá náà, tí yóò ní pẹpẹ lókè àti kọ́bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nísinsìnyí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ káfíntà. Nígbà tí a wà ní kékeré, owó kò tó láti rán àwa méjèèjì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òun ni ó fi ìwé sílẹ̀ tí ó lọ kọ́ṣẹ́, kí èmi lè máa bá a lọ. Síbẹ̀, n kò lọ bi í léèrè. Mo rò pé ẹni tí ó mọ ìṣirò kò lè ṣàìmọ pákó í kàn. Mo lọ sí ibi ìlagi, mo ra pákó ìrókò. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé ó ti gbẹ. Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, mo fi pẹpẹ kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láìsí òpó láàárín, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú òjò. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó kan, ó ní, “Àbúrò mi, igi yìí ṣì tutù o.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ má ṣe ìyọnu, Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wọ̀n gbogbo rẹ̀.” Ó lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi náà dá mi lóhùn. Pákó ìdí rẹ̀ là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè padé mọ́. Àwọn pẹpẹ tẹ̀ láàárín bí ọrun ọdẹ. Gbogbo owó tí mo fi ọdún kan tọ́jú wà nínú rẹ̀. Mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àṣálẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó ní, “Dìde. Ọwọ́ rẹ kò burú. Ìkánjú ni ó bà á jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Lábẹ́ ìbòòji ni ó to pákó ìrókò sí, igi tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Ó ní pákó tí ó nípọn tó ínṣì kan ń fẹ́ bí ọdún kan kí ó tó gbẹ, nítorí pé bí igi bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ ni ó ń sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Pákó wọ̀nyí ti pé ọdún méjì níbẹ̀. Àga ilé ara rẹ̀ ni ó fẹ́ fi wọ́n kàn. Ó ní kí n kó wọn.

A jọ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ mú kí n gé gbogbo ara igi tí ó funfun lẹ́bàá èèpo dànù, nítorí àárín igi tí ó pọ́n ni ikán kì í fẹ́. Èyí tí ó funfun, wọn a máa jẹ ẹ́ bí iṣu. Ó ní kí n fi aṣọ di imú, nítorí eruku ìrókò a máa fa èéwọ́ imú àti ara yíyún. Ní ọjọ́ kejì, ayùn wa ta sí ohun líle kan nínú igi: òkúta funfun ni, tí ìrókò fúnra rẹ̀ máa ń dá sínú ara rẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ni a fi pọ́n eyín ayùn náà.

Ó fi òpó kan sí àárín, pẹpẹ kọ̀ọ̀kan sì di ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà: bí a bá dín gígùn pẹpẹ kù sí ìdajì, tí ìwé sì kún un bákan náà, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìdá kan péré nínú 16. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́ ìṣirò yìí rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó gbẹ́ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó kí orí pẹpẹ lè wọ inú rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé ìṣó nìkan ni ó gbé ìwé ró. Fún ilẹ̀kùn, ó fi ìtẹ̀bọ̀ so igi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ṣùgbọ́n pákó àárín, kò fi àtè lẹ̀ ẹ́. Ó fi í sínú ihò rẹ̀ lásán, kí ó lè wú nígbà òjò, kí ó sì sún kì nígbà ọyẹ́, láìlà.

Okùn ìwọ̀n fi hàn wá pé ògiri Bàbá kò dúró ṣánṣán. Nítorí náà a dè é mọ́ ògiri lókè pẹ̀lú igi méjì, a sì fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A gbé e sórí ẹsẹ̀ tí ó ga ní ínṣì mẹ́fà, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú agolo tí a bu òróró ọkọ̀ sí. Bí ikán bá fẹ́ gun un, ojú wa ni yóò ti mọ ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí a parí rẹ̀, Bàbá fi ọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèpo ìwé tí ó ṣẹ́kù ni ó kọ́kọ́ gbé sí orí pẹpẹ àárín. Mo mú ìwé tuntun, mo jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn náà. Níbi orúkọ bàbá bàbá ńlá wa, ó dúró. Ó ti gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń fi epo pa ilẹ̀kùn, kò gbé ojú sókè tí ó fi dá orúkọ náà, àti ti ìyàwó rẹ̀, àti ti oko tí wọ́n kọ́kọ́ ṣán. Nígbà tí èmi wà ní ilé-ẹ̀kọ́, òun wà nílé lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà. Ìwé tí ikán jẹ, ìdajì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, n kò sì bi í léèrè rí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a ó di olùkọ́ lọ́la. Láti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ìyà fún ọmọ tí kò mọ̀wé, kí ọmọ tí ó mọ̀wé má bàa dàgbà di irú ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àpótí náà ṣì wà lára ògiri, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń padé ní òjò àti ní ọyẹ́. Orúkọ ẹni méjì ni mo kọ sí iwájú ìwé ìtàn náà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni ó ṣáájú.