Aràn Kì Í Dá Rìn

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí yé àwa oníṣirò owó. Ní yunifásítì tó wà ní Oxford Road, ní Chorlton-on-Medlock níhìn-ín, ni a ti kọ́ iṣẹ́ wa, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwọn àrùn tí ayé pa tì, ara kan náà ni à ń kà nínú ìwé púpọ̀.

Ìnárun ní ìwé tirẹ̀, jàbùtẹ̀ ní tirẹ̀, àtọ̀sí ajá ní tirẹ̀, aràn inú náà ní tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ to àwọn àwòrán náà lé ara wọn, ẹ ó rí i pé abúlé kan náà ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí: abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí kò ní ṣáláńgá. Láti ìgbà tí ìjọba ti sé Odò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta ní 1983, ìgbín omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri ti rí ibi jókòó sí. Ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀ lè ní àtọ̀sí ajá, kí aràn inú sì tún wà lára rẹ̀.

Ewu wà nínú kí a ka ìwé kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ẹ wo aràn ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó gùn tó sì pẹlẹbẹ bíi tépù télọ̀. Ẹni tó jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná lè kó o sí ìfun, ẹyin rẹ̀ a sì máa bá ìgbẹ́ jáde. Bí ẹyin yìí bá ti ọwọ́ tí a kò fọ̀ tàbí inú omi dé ẹnu ẹlòmíràn, ọmọ aràn lè dé ọpọlọ, kí ó sì fa wárápá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí aràn yìí ti gbilẹ̀, òun ló fa nǹkan bí 30 nínú 100 wárápá. Kí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ má sì yọ̀. Ní 1992, àwọn dókítà kọ ìròyìn àwọn Júù kan ní New York tí ẹ̀sìn wọn kọ ẹlẹ́dẹ̀, síbẹ̀ tí ọmọ aràn wọ ọpọlọ wọn. Wọ́n fura pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ló ti wá.

Oògùn praziquantel tí a fi ń wo àtọ̀sí ajá ń pa aràn yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ aràn bá ti wà nínú ọpọlọ ẹni tó gbé e mì, ọpọlọ lè wú, gìrì sì lè gbé e. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ oògùn o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tó ń pín in wo àwòrán méjèèjì kí ó tó gbéra.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni a dá àrùn mọ́. Ní ẹ̀bá odò Medlock yìí ni Little Ireland wà, àdúgbò àwọn tálákà tí Engels ròyìn ìdọ̀tí rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1845. Kọ́lẹ́rà jà ní Manchester ní 1832. Omi tó mọ́ tí ìlú fà láti Longdendale, lẹ́yìn náà láti Thirlmere ní 1894, pẹ̀lú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, wà lára ohun tó tún ibí ṣe. Nílé náà, sòbìà tó mú ènìyàn tó lé ní 650,000 nínú ìkànìyàn àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 1988 ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti ilé dé tí ara kò dá, ẹ sọ odò tí ẹ wẹ̀ àti oúnjẹ tí ẹ jẹ fún dókítà. Ẹ má fi ọmọ tí wárápá ń mú pamọ́. Gbogbo wárápá kọ́ ni èpè. Bí ẹgbẹ́ wa bá sì tún fẹ́ dáwó fún ìlú, kànga àti ṣáláńgá ni kí a fi ṣe. Owó yẹn nìkan ni a lè kọ sínú ìwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà tí ìṣirò wa kò ní bàjẹ́.