Lẹ́tà Ńlá Kì í Ṣe Agídí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ mainframe kì í yé bi wá: kí ló dé tí ẹ̀yin àgbà fi ń fi lẹ́tà ńlá kọ JCL, èdè tí a fi ń pàṣẹ iṣẹ́ fún mainframe, láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń jágbe mọ́ kọ̀ǹpútà? Wọ́n á ní agídí ni. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, n kò gbèjà ilé iṣẹ́ kankan mọ́, mo sì lè sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe agídí. Irinṣẹ́ ló fi òfin yẹn lélẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ìdí òfin ló máa mọ ibi tó parí sí.

Láti orí káàdì oníhò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ààyè lẹ́tà 80 ló wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ IBM 029 tí a fi ń lù ú kò sì ní lẹ́tà kékeré lójú bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ̀rọ gidi ni 029. Ẹni tó bá ṣì í lù kò rí nǹkan fi pa á rẹ́. Á ju káàdì náà nù, á lu òmíràn. Ìfarabalẹ̀ tó fi kọ́ àwọn tó lò ó kò sí lára irinṣẹ́ kankan tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin 1964, IBM kéde System/360, ìdílé mainframe tuntun. Fred Brooks ló darí iṣẹ́ yẹn, ọ̀gá tó kú ní Oṣù Kọkànlá 2022. Kí System/360 tó dé, bíìtì mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń gbé lẹ́tà kan, àmì 64 péré nìyẹn. Brooks ló dúró lórí bíìtì mẹ́jọ, tó gba àmì 256, kí lẹ́tà kékeré lè ríbi jókòó. Síbẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá yìí kan náà ni wọ́n ti bí JCL tí kò gbà ju lẹ́tà ńlá lọ. Nígbà tó yá, ó ní kò sí èdè prógíráàmù tó burú tó o. Mo gba tirẹ̀ lórí bíìtì mẹ́jọ, n kò gbà á lórí JCL: èdè tó ti ń ṣiṣẹ́ fún bí 60 ọdún kò yẹ léèébú.

Káàdì lọ, ojú ẹ̀rọ 3270 dé, ISPF tí a fi ń tún ìlà kọ tẹ̀ lé e, lẹ́tà kékeré sì wọlé. Ẹnì kan lè ní: kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa sọ kékeré di ńlá. Kò le lóòótọ́. Nínú EBCDIC, kóòdù lẹ́tà mainframe, bíìtì kan ṣoṣo ló ya A tí í ṣe C1 kúrò lára a tí í ṣe 81. Àmọ́ ta ni yóò sọ ibi tó máa dúró fún un? Nínú ìlà JCL tó ní PATH='/u/…', fáìlì UNIX ni à ń pè, kékeré àti ńlá sì jẹ́ fáìlì méjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ àṣẹ exec ní kékeré, ètò á kọ̀ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó tètè fojú hàn sàn ju èyí tó sá pamọ́ lọ. Ẹlòmíràn á ní: ẹ kúkú fi CAPS, ètò ISPF tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, sí ON títí láé. Ìyẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, àwa àgbà ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi rẹ̀. Bí CAPS bá wà ní ON, tí ẹ tún lẹ́tà kan ṣe lórí ìlà, tí ẹ tẹ Enter, gbogbo lẹ́tà kékeré orí ìlà náà ló máa di ńlá, títí kan èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn.

Ẹ̀sùn kan tún kù: pé lẹ́tà ńlá ló sọ Ọ̀pin di OPIN lórí ìwé. N kò gbà. Nínú tábìlì 037 tí EBCDIC sábà ń lò, kò sí Ọ, kò sì sí ọ. Tábìlì ló jẹ̀bi, kì í ṣe àwa tó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ àṣẹ, ẹ fi ohun tó wà láàárín àmì àyọlò sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì tẹ àṣẹ PROFILE nínú ISPF wo ipò CAPS kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlà ẹlòmíràn.