Ọgbà Mi àti Owó Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ètò ìnáwó ilé wà lára ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sí ojú pátákó pé ẹni tí kò bá kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ná an, yóò wá a tì nígbà tí ó bá ná an tán. Èmi yìí kan náà ni mo kọ owó ọgbà mi sílẹ̀, tí mo fi rúlà fa ìlà sí ìdí rẹ̀, tí mo sì tún tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ilé wa kò jìnnà sí ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, láti ìdájí ni a ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń sọ ẹrù kalẹ̀ létí ọ̀sà. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbin ẹ̀fọ́ sí: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ilá àti ata díẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí a kò bá fi ìgbẹ́ adìyẹ sí i, omi tí a bá bù sí i kì í dúró. Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó ọkọ̀ fò sókè, tí owó ata sì tẹ̀lé e, ẹ̀yìn ilé yìí ni ó gba ìkòkò ọbẹ̀ wa lọ́wọ́ ìtìjú. Ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ fi di ọ̀tá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ìparí ọdún náà, ewúrẹ́ mẹ́ta jẹ ebè tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin mọ́lẹ̀ kí n tó jí. Mo dúró ti ìdí tẹ̀tẹ̀ tí ó kù, mo sì búra pé n óò mọ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé ìnáwó mi hàn yín. Púlọ́ọ̀tì kan ní ìpínlẹ̀ Èkó máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ọgbà ẹ̀fọ́ mi gba 50 nínú 120 náà. Ilé fúnra rẹ̀ ti dí apá kan, ó wá ku apá mẹ́ta: 60, 50 àti 50, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ó sì ga ní íǹṣì 9. Búlọ́ọ̀kù 107 ni yóò tò dé òpin ìlà kan, ìlà 8 ni yóò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ó di búlọ́ọ̀kù 856. Náírà 500 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan oní-íǹṣì mẹ́fà ní àdúgbò wa ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nítorí náà mo kọ náírà 428,000. Àjọ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí, yóò sì ká owó náà. Mo fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn bí inú ẹni tí ó ti mọ ògiri tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Owó búlọ́ọ̀kù ni mo kọ, n kò kọ owó ògiri. Ìpìlẹ̀ kò sí níbẹ̀, yanrìn kò sí níbẹ̀, omi kò sí níbẹ̀, owó iṣẹ́ bíríkìlà kò sí níbẹ̀. N kò ka ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù náà wá, n kò sì ka oúnjẹ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá kọ irú rẹ̀ wá fún mi, n óò fi òdo lé e lórí.

Nígbà tí àjọ kàn mí ní oṣù Kejì ọdún 2024, búlọ́ọ̀kù ti di náírà 650. Àpò sìmẹ́ǹtì tí mo rà di náírà 10,500. Ẹ óò rántí pé nínú oṣù yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì fẹnu kò pé kí àpò kan máa jẹ́ láàárín náírà 7,000 sí 8,000. Orí rédíò ni mo ti gbọ́ iye yẹn. N kò bá a pàdé ní ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti rà á. Ohun tí ìgbà náà bèèrè ni pé kí n dúró, kí n tún ìwé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ti wà lọ́wọ́, ewúrẹ́ sì ti wà lẹ́yìn ilé. Mo ra búlọ́ọ̀kù 400, ó gba náírà 260,000. Sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́sàn-án fún ìpìlẹ̀ gba 94,500. Yanrìn gba 40,000. Bíríkìlà gba 30,000 kí ó tó fi ọwọ́ kan ọkọ́. Ó ku náírà 3,500 lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ nìkan ni a tíì rí.

Nípa yanrìn yìí, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun kan. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọdékùnrin lọ wa yanrìn etí òkun wá fún mi, pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan. N kò gbà. Iyọ̀ wà nínú yanrìn etí òkun, iyọ̀ sì máa ń mú kí irin inú òpó dípẹtà. Bí irin náà bá ti ń dípẹtà ni yóò máa wú, tí yóò sì la sìmẹ́ǹtì tí a fi bò ó. Ẹ wo àwọn òpó mìíràn ní agbègbè etíkun, ẹ óò rí i bí wọ́n ti sán. Nínú gbogbo ìṣòwò náà, ibi kan ṣoṣo yìí ni mo ti ṣe bí ẹni tí ó kàwé.

Òpó náà ni ó sì tún dá mi dúró. Ọ̀gá bíríkìlà wò mí, ó ní, "Màmá, ògiri tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lórí yanrìn báyìí, bí ẹ kò bá fi òpó onírin há a láàárín, atẹ́gùn òkun ni yóò bá yín wó o." Òpó onírin! N kò kọ èyí náà. Mo wọ inú yàrá, mo ṣí àpótí, mo sì yọ náírà 60,000 nínú owó ilé-ìwé àkọ́bí wa fún sáà kẹta. N kò sọ fún ọkọ mi. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé yíyá ni mo yá a. Sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́ta àti àfikún owó iṣẹ́ gbé e lọ, kò sì sí irin kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé ìlà kẹta, ohun gbogbo dúró.

Ìdádúró yẹn ni mo ti rí ohun tí mo mọ. Ìyá kan tí ń yan ẹja tà ní Agbalata ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀bá ọgbà mi ni ó máa ń gbà kọjá lọ sí ọjà, tòun ti agbọ̀n ẹja lórí. Ògiri mi ti dí ọ̀nà náà, ó wá di dandan kí ó máa yípo gbogbo àdúgbò. Òun ni ó sì ni àwọn ewúrẹ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ó dúró ní òdì kejì, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, ó ní, "Màmá olùkọ́, ṣé ewúrẹ́ ni ẹ mọ ògiri sí ni, àbí èmi?" N kò rí èsì fún un. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, ó ń jẹ́ mi ní ẹnu lásán.

Ní oṣù Kẹrin, ọkọ mi béèrè owó ilé-ìwé. Ó ní, "Màmá àwọn ọmọ, kó owó yẹn wá, kí n lè san án lọ́la." Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dárí jì mí, ó wà nínú ògiri." Kò pariwo, ì bá dára bí ó bá pariwo. Ó ní kí n gbé ìwé ìnáwó wá. Ó kà á, ó ṣí ojú ewé, ó tún ṣí i padà, ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Níbo ni o kọ owó bíríkìlà sí?" Ẹ̀yin arábìnrin mi, ọ̀pọ̀ ìdánwò ni mo ti ṣe láyé mi, n kò rí ìbéèrè tí ó tó ìyẹn.

Ọmọ náà jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Lórí ògiri tí kò parí yẹn ni ó máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń ka ìwé rẹ̀. Ọkọ mi yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, èmi sì fi oṣù mẹ́fà san án padà, náírà 10,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan.

Ìyá ọkọ mi ni ó tú wa sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gùn ni wọ́n, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ta àgbọn ní Agbalata. Wọ́n wá kí wa, wọ́n yí ògiri náà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ni ó sọ fún ọ pé ẹ̀fọ́ fẹ́ràn òkùnkùn?" Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ì bá ti da òjìji bo ebè tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn ní gbogbo òwúrọ̀, kò sì ní jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ewé. Wọ́n ní kí n fi ògiri náà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí n fi ọgbà igi lé e lórí.

Ní ayé tiwọn, imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi ń sọ ọgbà. Mo bá wọn ṣírò rẹ̀: náírà 24,000 ni imọ̀, okùn àti owó ẹni tí yóò so ó gbà ní 2024, ọdọọdún ni a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta jẹ́ 72,000. Ọparun gba 90,000, ṣùgbọ́n bí kò bá kan ilẹ̀ tí ikán wà, mo fi ọkàn sí i pé yóò tó ọdún mẹ́ta. Iye rẹ̀ jẹ́ 30,000 lọ́dún, 2,500 lóṣù. Imọ̀ rọjú díẹ̀ jù ú lọ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wá alágbàṣe kiri lọ́dọọdún? Mo mú ọparun. Owó ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí rárá, nítorí ó ti lọ, kò sì ní padà. Ohun tí mo ń kọ́ni nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń yọ 60,000 nínú àpótí, mo gbàgbé pé a kì í torí owó tí ó ti lọ rán owó mìíràn tọ̀ ọ́.

Kí ọparun tó dé, Ìyá gé ẹ̀ka bòtujẹ̀ wá nígbà òjò, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní lápálápá, a sì gbìn ín sí ìta ògiri. Ewúrẹ́ kì í sábà jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ ṣọ́ra o, májèlé ni èso rẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí àjọ tún kàn mí, a ki òpó ọparun bọ inú ihò búlọ́ọ̀kù, a fi àpòpọ̀ yanrìn àti sìmẹ́ǹtì dì í, a sì so ìyókù mọ́ ọn. Ìdí òpó kò kan ilẹ̀, ikán kò rí i jẹ láti ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní kí n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i nídìí. Mo kọ̀, nítorí ilẹ̀ tí a ń já ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀ ni.

Kí a tó so apá ẹ̀yìn, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́ja nílé rẹ̀. Mo ní mo wá béèrè ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà ni. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n jókòó. A yọ búlọ́ọ̀kù díẹ̀ kúrò ní ibi tí ó fi ọwọ́ hàn mí, káfíńtà sì fi pákó àlòkù kan ilẹ̀kùn síbẹ̀, náírà 9,000. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ti ilẹ̀kùn náà padà dáadáa. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wà lórí okùn nísinsìnyí. Owó okùn náà kò sí nínú ìwé mi, ó ní òun kò ní gbà á.

Nínú búlọ́ọ̀kù 400 tí mo rà, 321 ni a kọ́kọ́ lò. 79 tí ó ṣẹ́kù, pẹ̀lú àwọn tí a yọ fún ilẹ̀kùn, wà lábẹ́ igi àgbọn títí di òní, adìyẹ kan sì ti ń yé sí àárín wọn. Ọkọ mi ní ìgbà wo ni n óò tà wọ́n. Mo ní kí ó jẹ́ kí adìyẹ pa ọmọ ná.