Orin Tí Ń Tẹ̀lé Ẹsẹ̀ Eléré

Ọ̀ràn tí àwa fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn àdúrà alẹ́. Ọmọkùnrin kékeré kan jókòó sí kọ̀rọ̀, ó tẹjú mọ́ tẹlifóònù, eré ni ó ń ṣe lórí rẹ̀. A pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a fi ìbínú gba ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Orin rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ yín. Bí àkókò mi bá ti ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni orin náà ń yára."

Ọ̀rọ̀ yìí dá wa dúró. Nígbà tí àwa fúnra wa wà ní ọmọdé, bàbá wa nà wá ní pàṣán nítorí pé a tẹ̀lé onílù dùndún kan láti Ọjà Ọba títí ilẹ̀ fi ṣú. Onígbàgbọ́ òtítọ́ ni bàbá wa, ṣùgbọ́n ó ka ìlù sí eré lásán, tí kò yẹ kí ọmọ ìjọ fetí sí. Àwa tí a nà nítorí ìlù ni a wá ń gba orin lọ́wọ́ ọmọ wa yìí.

Nítorí náà a ṣe ìwádìí, ohun tí a rí sì yà wá lẹ́nu. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe àpéjọ lórí orin eré orí ẹ̀rọ: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, òmíràn ní Amẹ́ríkà ní 2014. A a máa pe àwọn tí ń dá orin náà sílẹ̀ wá síbẹ̀, kí wọ́n dìde sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti rí. Ìṣòro wọn ni èyí: ẹni tí ó kọ orin fún ìsìn mọ ibi tí yóò parí sí, ẹni tí ó kọ ọ́ fún eré kò mọ̀, nítorí pé ọwọ́ eléré ni ó wà. Eléré lè sáré, ó lè dúró, ó lè ṣìnà. Orin kò sì gbọdọ̀ já. Nínú Space Invaders, tí àwọn ará Japáànì ṣe ní 1978, ohùn mẹ́rin péré ni ń tún ara wọn wí, tí wọ́n sì ń yára bí ọ̀tá ti ń súnmọ́ni. Nínú Super Mario Bros. ti 1985, tí Koji Kondo dá orin rẹ̀ sílẹ̀, orin a yára nígbà tí àkókò bá kù díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ eré ìsinsìnyí, apá kan orin a máa lọ láìyípadà, a ó sì gbé òmíràn lé e lórí bí ewu bá dé.

Ta ni nínú wa tí kò tí ì rí irú èyí rí níbi ìgbéyàwó? Gúdúgúdú dúró lójú kan, kò yẹ̀. Ìyáàlù ni ń wo ẹsẹ̀ oníjó. Bí oníjó bá rọra, onílù a rọra. Bí ó bá fò sókè, kọ̀ǹgọ́ ti bá a níbẹ̀. Onílù kò mọ àlejò tí yóò wọlé, síbẹ̀ a fi oríkì kí i kí ó tó jókòó, ìlù kò sì ní já.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ó mú ìmọ̀ yìí dé àárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935, kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní London, ó sì dá orin púpọ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ kò tijú láti kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn onílù dùndún. Ìmọ̀ wọn ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana, ní Legon, ní 1974. Ní 1989 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní London, níbi tí àwọn tí ń dá orin sílẹ̀ àti àwọn tí ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó kú ní 2020. Kì í ṣe orin eré orí ẹ̀rọ ni a fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ní ohun tí yóò kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé onílù tí a tẹ̀lé ní ọmọdé kú láìsí ẹnì kan nínú wa tí ó bi í bí ó ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ní Òǹdó, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí, a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin. Ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní 1981, a ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀ bá jókòó ti onílù kan, ṣé eré tí ìyáàlù ń tẹ̀lé yóò ṣòro?

Àwa kò sọ pé kí ọmọ fi eré sun oorun. Iṣẹ́ ilé-ìwé àti àdúrà ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, a mú ọmọ náà lọ sí ibi ìgbéyàwó kan, a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ onílù. Ó wò ó pẹ́, ó sì ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ wọn ni ó ń wò!" Lẹ́yìn náà ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onílù, ó sì bi í léèrè ohun tí àwa kò bèèrè láti ìgbà èwe wa. Orin Dáfídì 150 ka ìlù mọ́ ohun èlò ìyìn. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gba orin lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ fetí sí i.