Aago Bàbá Mi La Ọ̀sà Kọjá: Láti Ìkòròdú Dé Ìdúmọ̀tà

  Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ ròyìn lónìí kì í ṣe ti Òkè-Ọya, kì í sì í ṣe ti ìlú òyìnbó. Láti Ìkòròdú sí Ìdúmọ̀tà ni, nínú Èkó wa níbí. Bó bá jẹ́ ti ọ̀nà nìkan ni, ẹlòmíì á lọ, á bọ̀, kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo dì mú lọ́jọ́ yẹn, bó bá sọ nù, tàbí tí wọ́n bá fi ayédèrú pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wo bàbá mi. Aago ọwọ́ ni.

Kì í ṣe aago wúrà o. Kì í ṣe èyí tí àwọn olówó fi ń na ọwọ́ sókè lóde àríyá. Seiko ni, láti ilẹ̀ Jàpáànì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. SKX007 ni orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lọ́jà. Ojú rẹ̀ dúdú, irin funfun ni ara rẹ̀, ó sì wúwo lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé mítà 200 ni omi tó lè wọ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ó sì di ààyò àwọn tí kò lówó Rolex àmọ́ tí wọ́n fẹ́ nǹkan gidi.

Awakọ̀ ojú omi ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tó fi kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Ẹbútẹ́-Èrò. Ọdún 2000 tí wọ́n bí mi ló ra aago yìí, owó àjọ ló sì fi rà á. Aṣọ ìkómọ ni màmá mi ń retí lọ́jọ́ tí wọ́n kó àjọ náà. Aago ni bàbá gbé wọlé! Títí dòní, bí ìjà bá dé láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ aṣọ ìkómọ yẹn ò ní ṣàì jáde.

IṢẸ́ TÓ ṢE LÓJÚ OMI

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ò mọ̀ ju fóònù lọ. Aago yìí ò lo bátìrì. A kì í sì í fi ọwọ́ wíìndì rẹ̀. Irin kan wà nínú rẹ̀ tó rí bí ìlàjì òṣùpá. Bí ọwọ́ rẹ bá ti ń fì, bẹ́ẹ̀ ni irin náà ń yí, tó sì ń ká sípíríìngì. Yálà ó yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, á ká a. Bó o bá bọ́ ọ sórí tábìlì, á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì wákàtí, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Gbé e, mì í díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́.

Òrùka kan tún wà tó yí ojú rẹ̀ ká, tó ní àmì róbótó kan. Bí ẹni tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi bá fẹ́ wọlé, á yí àmì yẹn dojú kọ ọwọ́ ńlá aago, kó lè mọ iye ìṣẹ́jú tó ti lò. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni òrùka náà ń yí. Ìdí ni pé, bó bá ṣèèṣì gbá nǹkan tó yí, kìkì pé á jẹ́ kéèyàn rò pé òun ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Kò lè tan ẹni náà pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì kù nígbà tó ti fẹ́ tán.

Bàbá mi ò wọ ìsàlẹ̀ omi rí. Kùrukùru ọyẹ́ ló ń lo òrùka náà fún. Bó bá ti kúrò ní èbúté láàárọ̀ kùtù, á yí i. Ó mọ iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò kó tó rí afárá. Bí ìṣẹ́jú yẹn bá kọjá tí kò rí nǹkan kan, ó ti mọ̀ pé òun ti ṣìnà, á dẹ ẹ́ńjìnnì, á dúró. Ó ní ìgbà méjì ni aago yìí kó òun àti èrò ọkọ̀ yọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ̀BI MI NI

Nígbà tí mo ríṣẹ́ akọ̀ròyìn, èmi oníwèé mẹ́wàá lásán, inú bàbá dùn débi pé ó bọ́ aago náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sí tèmi. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe: "Kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí, bó o bá ti fà á jáde, rí i pé o yí i pa padà o." Kókó náà wà níbi tí aago mẹ́rin wà, bí ìdérí ìgò ló sì ṣe ń yí pa.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni oṣù kẹfà ní, aago ò sì mọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje, 31 ló kọ sójú rẹ̀. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo fa kókó, mo tún déètì ṣe. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo pé kí n sanwó. Mo tì í wọlé, mi ò yí i pa. Òjò oṣù keje sì rọ̀ lé mi lórí láti Ketu títí mo fi délé.

Lálẹ́, mo rí oru omi lábẹ́ gíláàsì. Mo ki aago bọ inú ìrẹsì, oru náà lọ, mo ní ọpẹ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá. Mo mì í títí ọwọ́ fi ń ro mí. Bàbá fóònù, ó ní, "Aago mi ńkọ́?" Mo ní ó wà dáadáa, ọ́fíìsì ni mo gbàgbé rẹ̀ sí. Irọ́ ni mo pa. Ó ní òun àti màmá ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn. Oorun dá lójú mi.

LÓJÚ Ọ̀SÀ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ gba ojú títì láti Ìkòròdú dé Ìsàlẹ̀ Èkó láàárọ̀ mọ ohun tójú ń rí ní Mile 12. Ọkọ̀ ojú omi ni tèmi. Wọ́n há jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó fún wa, gbogbo wa wá pọ́n bí ọsàn nínú agbọ̀n. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dún, atẹ́gùn gba fìlà lórí bàbá kan, gbogbo ọkọ̀ sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sà dára láàárọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ń bọ̀ pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán pọ̀. Ọkọ̀ mìíràn dúró lójú kan, àwọn géńdé sì ń wọ omi lọ pẹ̀lú garawa, wọ́n ń bu yanrìn wá sókè. Ẹni kan á rì, á pẹ́, orí rẹ̀ á tún yọ, á mí kanlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó so aago mọ́wọ́. Mo wá wo èyí tó ti kú lápò mi, tí wọ́n kọ mítà 200 sí lójú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà yìí ò jìn ju mítà mélòó kan lọ. Ojú tì mí díẹ̀.

A kọjá lábẹ́ Third Mainland Bridge, afárá tí wọ́n parí ní 1990, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8. Mọ́tò tò sórí rẹ̀ bí èèrùn, wọn ò lè lọ. A juwọ́ sí wọn. Lápá ọ̀hún, èéfín ẹja ń rú ní Makókó. Kò pẹ́ tá a fi gúnlẹ̀ sí Ẹbútẹ́-Èrò, lẹ́bàá afárá Carter.

Láti ibẹ̀ dé Ìdúmọ̀tà, ẹsẹ̀ lásán ni. Àwọn alárù ń ké, "Ẹ yàgò lọ́nà! Ẹ yàgò o!" Bí wọ́n ṣe ń ní kí n yàgò, bẹ́ẹ̀ ni mo ń di aago mú lápò.

BÀBÁ ALÁÀGO

Wọ́n ti júwe bàbá arúgbó kan fún mi, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn nídìí tábìlì onígíláàsì. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo gbé wá?"

Mo gbé e fún un. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ya ìgbì omi sí. Ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó ní, "Oṣù kẹjọ ọdún 1999 ni wọ́n ṣe èyí." Ẹnu yà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún, èkejì ni oṣù. "9 àti 8 rèé. Ó lè jẹ́ 1999, ó lè jẹ́ 2009. Ìgbà wo lẹ rà á?" Mo ní 2000. Ó ní, "Ṣó o rí i?"

Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pá tín-ín-rín tó so mọ́ kókó ti dípẹtà. Òróró inú ẹ̀rọ ti gbẹ. Ó wá fi irin ẹnu ṣóńṣó fa rọ́bà dúdú kan jáde, tó ti pẹlẹbẹ tó sì le gan-an.

"Ìwọ rò pé irin ló ń gbé mítà 200 ró ni? Rọ́bà yìí ni. Rọ́bà sì máa ń gbó. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin-márùn-ún. Ìwọ lo jẹ́ kí òjò wọlé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ náà ò ṣe tiẹ̀ láti ọjọ́ yìí."

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ̀rọ tuntun kan wà tí wọ́n ń pè ní NH36, tó máa bá ihò náà mu. Èyí ṣeé fi ọwọ́ wíìndì, nǹkan bíi wákàtí kan ni òun á sì fi gbé e wọlé. Àbí kí òun tú ti àtijọ́, kí òun fọ̀ ọ́, kí òun fún un lóróró, kí òun máa wò ó títí di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìdààmú dé. Fi aago bàbá mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ní Ìdúmọ̀tà? Tó bá sì jẹ́ pé mo gba ẹ̀rọ tuntun, bàbá ò ní mọ̀. Ojú kan náà ni, ara kan náà ni. Lọ́jọ́ Àìkú, màá nawọ́ sí i, yóò máa dún. Irọ́ tí mo pa á wá di òótọ́. Ọwọ́ mi ti wọ àpò láti kówó jáde. N kò mọ ohun tó mú mi, fóònù ni mo fà yọ.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Gbé fóònù fún ẹni tó wà níwájú rẹ." Àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ títí, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ mi, bàbá ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá mi rìn nínú kùrukùru ni mo fẹ́. Tó bá kú, a óò mọ̀ pé òun ló kú."

Bàbá aláàgo fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi fóònù ya àwòrán inú aago náà kí n tó lọ, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

ỌJỌ́ ẸTÌ

Nígbà tí mo padà dé, ó ń dún. Mo fi àwòrán mi wé inú rẹ̀, òun náà ni, àfi ọ̀pá àti rọ́bà tuntun. Owó tó gbà ò ju owó oúnjẹ mi ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó ní kí n má ṣe tún déètì ṣe láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, torí ẹ̀rọ ń yí déètì lọ́wọ́ nígbà yẹn, eyín rẹ̀ lè kán. Ó sì sọ òótọ́ kan fún mi: "Mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán agbára omi wò. Òjò ò ní nǹkan kan án ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ó ṣì lè wọ mítà 200, lórí tábìlì bí irú èyí, ẹ̀tàn ni." Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀, torí láti 2019 ni ilé-iṣẹ́ ò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́. Èyí tó jọ ọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn, mítà 100 ni tiẹ̀.

Lójú omi nígbà tí mò ń padà, mo yí òrùka rẹ̀ bí bàbá ṣe máa ń ṣe. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì la lò dé Ìkòròdú.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá gbé aago sétí, ó dijú. Ó fi wé fóònù. Láti ọjọ́ Ẹtì, ó ti fi bí ìṣẹ́jú àáyá ogún sáré. Ó ní, "Ó ń kánjú bíi màmá rẹ." Màmá ní, "Ẹ gbọ́ bí aṣọ ìkómọ mi ṣe ń dún kíṣì-kíṣì!" A rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́yìn náà bàbá so aago náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ti òjò ò dùn mí. Ti ọ́fíìsì tó o ní o gbàgbé rẹ̀ sí ló dùn mí. Ó di inú oṣù Kejìlá, wá gbà á ní Ẹ̀pẹ́." Ẹ wo ọrùn ọwọ́ mi, ibi tí aago wà tẹ́lẹ̀ ṣì funfun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aago, rédíò, kẹ̀kẹ́ tàbí ohun èlò èyíkéyìí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀wé sí wa, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ èbúté tàbí ọjà tó yẹ kí n tún rìn dé, kó dárúkọ rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.